Nínú Èrò Yunifásítì, Ibo Ni Kí N Ti Rí Ará Nínú Olúwa?

ÌBÉÈRÈ

Màmá, 

Ọmọbìnrin ni mí, mo wà ní ọdún kìíní ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Ailegun là ń gbé, lápá Èjìgbò. Ilé àwọn òbí mi ni mo ti ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, torí mi ò rí bẹ́ẹ̀dì gbà ní hostel. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ti wà ní títì. Mo máa wọkọ̀ dé Òṣòdì, mo tún máa wọ òmíràn lọ sí Yaba, kí n tó rí èyí tó ń lọ Akọka. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ó ti máa ń rẹ̀ mí tán kí olùkọ́ tó wọlé.

Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí mi ò bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìsìn ò ní tíì parí tí àwọn àgbà ìjọ á ti máa bi ìyá mi pé kí ló ṣe mí. Ní Akọka, mo lè pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ kí ẹnikẹ́ni má béèrè mi.

Mo ti gbìyànjú o, Màmá. Fẹ́lóṣíìpù tí mo kọ́kọ́ lọ, èrò pọ̀, orin dùn, ìwàásù wọ̀ mí lọ́kàn. Wọ́n ní kí àwa àlejò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù wa. Láti ọjọ́ náà, ìkéde ìpàdé nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ní ìkejì, arábìnrin kan bi mí pé ìjọ wo ni mo ti wá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní ìjọ aláṣọ funfun kì í ṣe ìjọ Kristi, pé àfi kí n kó sùtánà mi dànù kí Ọlọ́run tó lè lò mí. Ẹkún ni mo sun dé Òṣòdì lọ́jọ́ náà. Ìkẹta wù mí, wọn ò pọ̀, wọ́n sì mọ orúkọ ara wọn. Àmọ́ arákùnrin kan nínú àwọn aṣáájú wọn ń pè mí lóru. Ó ní Ọlọ́run fi nǹkan hàn òun nípa mi, pé kí n dá wá sí ilé òun ní Bariga kí òun gbàdúrà fún mi, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ní ìwé ni òun rán mi lọ kà, pé ṣọ́ọ̀ṣì kún Ailegun. Ìyá mi ní òun ò fẹ́ kí fẹ́lóṣíìpù kankan gbà mí lọ́wọ́ ìjọ òbí mi. Èmi náà mọ̀ pé bí mi ò bá rí àwọn tí a jọ máa gbàdúrà ní Akọka, ó máa ṣòro fún mi láti dúró. Báwo ni mo ṣe máa rí wọn? Ṣé dandan ni kí n fi ìjọ mi sílẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ arákùnrin yìí?

Ọmọ yín ni mí,
Ọmọ Séráfù, Ailegun.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o ṣeun tí o tú ọkàn rẹ jáde. Ìbéèrè mẹ́ta lo kó síwájú mi. Èyí tó kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí kò ṣeé fi dọ̀la.

Má ṣe dé ilé arákùnrin yẹn, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Ó ní kí o dá wá. Ó ní kí o wá sí ilé òun. Ó ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kí o sá, áńbọ̀sì gbogbo rẹ̀ pọ̀. Aṣáájú tó bá fẹ́ gbàdúrà fún ọmọbìnrin kò nílò ilẹ̀kùn títì. Nínú ìjọ tí o ti dàgbà, níbi tí ìríran kì í ti í ṣe nǹkan àjèjì, ìwọ náà mọ̀ pé iwájú àwọn àgbà ló yẹ kí a gbé ìran sí, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìran tó ń bẹ̀rù etí ẹlòmíràn kì í ṣe ìran tó yẹ kí o tẹ̀ lé.

Sọ fún ìyá rẹ lálẹ́ òní. Má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ rẹ́, tọ́jú wọn. Lẹ́yìn náà, wá àgbàlagbà kan tó ní àṣẹ nínú ọgbà: àlùfáà ilé ìsìn yunifásítì, olùkọ́ tó ń ṣe alágbàtọ́ fún fẹ́lóṣíìpù yẹn, tàbí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Mú obìnrin kan tí o fọkàn tán dání lọ. Bí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà bá gbọ́, tí wọ́n sì gbé ìgbésẹ̀ gidi, ohun rere ni. Bí wọ́n bá ní kí o bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí orúkọ Ọlọ́run má baà bàjẹ́, kúrò níbẹ̀. Ẹni tó hùwà náà ló ń ba orúkọ Ọlọ́run jẹ́, kì í ṣe ìwọ tó sọ ọ́. Má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ dá ọ lẹ́bi. O kò ṣe ohunkóhun tó burú.

Ó wá ku ti ará tí ò ń wá. Nínú lẹ́tà rẹ, ìwọ fúnra rẹ ti sọ ohun tí ará jẹ́, bóyá o kò fura. O ní bí o kò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ailegun, àwọn àgbà á béèrè rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ohun tí ò ń wá ní Akọka gan-an nìyẹn: àwọn tó máa mọ̀ nígbà tí o kò bá sí níbẹ̀, tí wọ́n á sì béèrè rẹ. Orin aládùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn olówó ńlá kò lè ṣe é. Èrò tó kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́ pàápàá lè má ṣe é. Ohun tí o máa fi yan fẹ́lóṣíìpù nìyí, ju orúkọ lọ, ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn látọjọ́ pípẹ́. Ní 1918, nígbà tí àrùn gágá ń pa èèyàn kárí ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Shadare wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, náà di ẹni ńlá láàárín wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn. Inú Áńgílíkà ni wọ́n wà títí di 1922 tí èdèkòyédè fi mú wọn kúrò, láti ipasẹ̀ wọn ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tí a mọ̀ sí CAC, sì ti jáde wá.

Ọdún 1925 ni ti ìjọ tìrẹ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó, Abíọ́dún Akínsọ́wọ̀n, tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wo ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ọdún Corpus Christi ti àwọn Kátólíìkì ní oṣù Kẹfà. Ó padà délé, ó bọ́ sínú ìran, àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, wòlíì tó ti Ìkárẹ́ wá. Ó gbàdúrà, ara ọmọ náà sì balẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń péjọ sọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n fi di Ẹgbẹ́ Séráfù. Kíyè sí i dáadáa: ẹgbẹ́ ni wọ́n pe ara wọn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn ìjọ mìíràn tí wọ́n ti wá. Ìjọ tó fọkàn tán ọ̀dọ́mọbìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ni ìjọ tí o ti wá, ọmọ mi. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sùtánà tì ọ́ lójú.

Nígbà tó di January 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹgbẹ́ Kristẹni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìrírí tuntun nínú Ẹ̀mí Mímọ́. Iná náà ràn dé Ifẹ̀ àti àwọn ọgbà mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Matthews Ojo kọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀, The End-Time Army, tó jáde ní 2006. Nínú ọgbà tìrẹ náà, ní 1973, William Kumuyi, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń wá síbi ẹ̀kọ́ náà fi ń lọ sí ìjọ tiwọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó di 1982 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tiwọn, kó tó di Deeper Life Bible Church.

Mo ka ìtàn yìí fún ọ nítorí ohun méjì. Èkíní, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan wọ̀nyí kò ju ìwọ̀nba èèyàn tó mọ ara wọn lójúkojú lọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ti ilé Kumuyi. Bí o bá rí ẹni márùn-ún tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ní Akọka, ìyẹn tó. Èkejì, láyé ọjọ́un, èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kó sì tún jẹ́ ọmọ ìjọ tó ti wá, ọkàn rẹ̀ kò sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ kejì ni pé rárá, kò pọn dandan kí o fi ìjọ rẹ sílẹ̀. Fẹ́lóṣíìpù wà fún ọ láàárín ọ̀sẹ̀ nínú ọgbà, ìjọ òbí rẹ wà fún ọ lọ́jọ́ Ìsinmi ní Ailegun. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Mi ò sọ pé kí o má gba ẹ̀kọ́ o. O máa gbọ́ àwọn nǹkan kan ní fẹ́lóṣíìpù tó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé. Ṣe bíi ti àwọn ará Bèríà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún: wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí Ìwé Mímọ́ bá tún nǹkan kan ṣe nínú ìgbàgbọ́ rẹ, ayọ̀ ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ṣí Bíbélì tó ní kí ẹ jọ wò ó, àti ẹni tó bú ìjọ rẹ kó tó mọ orúkọ rẹ. Dárí ji arábìnrin yẹn. Bóyá bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Wàyí o, ibo lo máa wá wọn sí? Ní Akọka, ilé ìsìn kan wà fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n ń pè ní Chapel of Christ Our Light. Àwọn Kátólíìkì náà ní tiwọn. Àǹfààní ilé ìsìn irú èyí ni pé àwọn olùkọ́ àti ìdílé wọn ń jọ́sìn níbẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ọmọ ọdún kìíní nílò àgbà tó lè fẹjọ́ sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ Áńgílíkà ní ASF, àwọn Onítẹ̀bọmi ní BSF, ti Rìdíìmù ni RCF, ti Deeper Life ni DLCF, ti Winners ni WCF, NFCS sì ni ti àwọn Kátólíìkì. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù náà ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bi olùṣọ́ ìjọ yín ní Ailegun bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni nínú ti Akọka. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọkàn rẹ máa ti kọ́kọ́ balẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi ń bọ́ bàtà kí o tó wọlé àdúrà.

Ẹ̀ka kẹta ni àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo. Lagos Varsity Christian Union, tí wọ́n ń pè ní LVCU, wà lára wọn nínú ọgbà yín. Irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí ni àjọ tó ń jẹ́ NIFES kó jọ káàkiri Nàìjíríà láti 1968, NIFES fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ IFES, àjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti 1877 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti da tiwọn pọ̀ mọ́ra láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí èkejì. Nínú ẹgbẹ́ báyìí, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ CAC àti ọmọ Séráfù lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Yan méjì tàbí mẹ́ta nínú gbogbo èyí, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sáré láti fẹ́lóṣíìpù kan sí òmíràn kò ní pẹ́ níbì kankan tó kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìgbà mẹ́ta, torí ìpàdé ìkíni-káàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun kò jọ ìpàdé gbogbo ọjọ́. Tètè dé, má sì sá jáde ní kété tí wọ́n bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí ni èèyàn ń di ojúlùmọ̀. Má dúró kí wọ́n wá bá ọ, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ: “Lágbájá ni mí, ọdún kìíní ni mo wà, láti Ailegun ni mo ti ń wá.” Ó máa yà ọ́ lẹ́nu iye àwọn tójú ń tì bíi tìrẹ.

Bí o ti jókòó níbẹ̀, la ojú rẹ. Ṣé Bíbélì ni wọ́n ń kọ́ yín, àbí ìtàn àlá àti ìlérí owó? Ta ni aṣáájú ń jíyìn fún, ta ni àgbà tó lè pè é kó bá a wí? Bí wọ́n bá gba owó, ta ló ń kà á, ṣé wọ́n sì ń sọ bí wọ́n ṣe ná an? Kí ni wọ́n ń sọ nípa ìjọ mìíràn àti nípa òbí? Bí ìdánwò bá ń bọ̀, ṣé wọ́n ń dín ìpàdé kù, àbí wọ́n ń fi kún un? Tí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò, ṣé wọ́n ń súre fún un, àbí wọ́n ń fi ègún halẹ̀ mọ́ ọn? Ìwà lẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ tí ìwà àwọn aṣáájú rẹ̀ bá dára nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n, dúró síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn tí o sọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó ń ti Ailegun wá sí Akọka kò lè ṣe ohun tí ẹni tó ń gbé hostel ń ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Béèrè ìpàdé tó bá àkókò rẹ mu: àdúrà ọ̀sán, tàbí ẹ̀kọ́ Bíbélì kékeré tí wọ́n ń ṣe láàárín kíláàsì. Bí ìpàdé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló wà, lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, sọ fún aṣáájú rẹ pé aago báyìí lo gbọ́dọ̀ wọkọ̀, kí o sì dìde nígbà tó bá tó. Má bá wọn ṣe ìṣọ́ òru bí o kò bá ní arábìnrin tí o máa sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà, tí àwọn òbí rẹ sì mọ̀ sí i.

Wo inú ọkọ̀ tí o ń wọ̀ pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Èjìgbò, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì lọ sí Akọka kì í ṣe ẹyọ kan. Bí o bá rí méjì nínú wọn tó jẹ́ onígbàgbọ́, kí ló dé tí ẹ kò ní máa pàdé níbùdókọ̀ kan láàárọ̀, kí ẹ jọ wọkọ̀, kí ẹ jọ gbàdúrà ráńpẹ́, kí ẹ sì máa pe ara yín lálẹ́ láti mọ̀ pé kóówá ti délé? Olúwa ti ṣèlérí pé òun á wà pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó bá péjọ lórúkọ òun, kò sì yọ inú danfo kúrò. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí o kò bá jáde lọ́jọ́ kan.

Jẹ́ kí n gbè lẹ́yìn bàbá rẹ díẹ̀. Òtítọ́ ló sọ pé ìwé lo lọ kà. Èsì ọdún kìíní ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ọdún tó kù máa jókòó lé. Mo ti rí ọmọ tó wà nínú kuáyà, tó tún wà lára àwọn tó ń tọ́jú àga, tó tún ń darí àdúrà, tí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá dojú dé nígbà tí èsì jáde. Ní sáà kìíní yìí, má gba iṣẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́. Ní sáà kejì, gba ẹyọ kan bí ọkàn rẹ bá fẹ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sọ fún wọn pé o fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, kí àwọn náà sì mọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ á lè dúró.

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀kọ́ àti ìgbàgbọ́ kò lè gbé pọ̀, fi àwọn tó ti kọ́ni tàbí tó ti kàwé nínú ọgbà yín hàn án. First Class ni Kumuyi fi parí ìmọ̀ ìṣirò ní Ìbàdàn ní 1967. Enoch Adeboye, tó di Alábòójútó Àgbà ìjọ Rìdíìmù ní 1981, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò lòun náà, Yunifásítì Èkó ló sì ti gba oyè náà ní 1975. Fẹ́lóṣíìpù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wá àwọn tó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin láti kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ẹ̀kọ́ tó le, lọ́fẹ̀ẹ́. Béèrè bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní, mú èsì rẹ àkọ́kọ́ lọ fi han bàbá rẹ. Kò tún ní bá ọ jà lórí fẹ́lóṣíìpù mọ́.

Ní ti ìyá rẹ, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ó ti rí àwọn ọmọ tó lọ sí yunifásítì tí wọ́n padà wálé láti fi àwọn òbí wọn ṣe ẹlẹ́yà. Pe àwọn arábìnrin tí o bá rí wá sílé lọ́jọ́ kan, kí ìyá rẹ se ìrẹsì fún wọn, kó wò wọ́n lójú. Ọ̀rẹ́ tí o kò lè mú wá sí Ailegun, tún un wò dáadáa.

Má sì fi àwọn tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì ṣe ọ̀tá. Nínú àwọn tó ń lọ sí àríyá lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn kan wà tó jẹ́ àìrí ẹni bá jókòó ló gbé wọn débẹ̀. Bí o bá ti rí ẹgbẹ́ tìrẹ, bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó fẹ́ bá ọ lọ. Gbogbo ìgbà tí o bá lọ sí ìpàdé, wá ẹni kan tó dá jókòó, kí o kọ́ orúkọ rẹ̀, kí o sì rántí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tí o ń wá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹlòmíràn, kí o sì wò ó bóyá kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ.

Bí sáà yìí bá sì parí tí o kò tíì rí ibi tó tẹ́ ọ lọ́rùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọ rẹ wà ní Ailegun, Bíbélì rẹ wà lọ́wọ́ rẹ, mo sì wà níbí bí o bá fẹ́ kọ̀wé padà. Máa wá a lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ lọ sìnrú ìlú ní ìpínlẹ̀ tí o kò mọ ẹnikẹ́ni, o máa bá ẹgbẹ́ àwọn agùnbánirọ̀ Kristẹni, NCCF, níbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń wá ará ní Akọka kò ní ṣòro fún láti wá wọn ní Taraba.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kì í ṣe ti ọmọ yìí nìkan. Ẹ̀yin olùṣọ́ àti àgbà ìjọ ní Ailegun, ní Èjìgbò, ní Ìsọlọ̀, àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń ka èyí: bí ọmọ yín bá rí yunifásítì wọ̀, ẹ máa ń pè é síwájú pẹpẹ, ẹ ń gbàdúrà fún un, ẹ ń ṣe ìdúpẹ́. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun kan kún un. Kí ọmọ náà tó jáde lọ, ẹ wá orúkọ onígbàgbọ́ kan tó ti wà nínú ọgbà yẹn, ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì máa pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí sáà kìíní á fi parí. Owó káàdì díẹ̀ ló máa ná yín.